Ẹni Keje

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó fi bá wọn di ipò alákòóso mú. Ara ẹni tó dá Ilé Eré sílẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, kò yá nígbà náà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa jókòó sí ọ́fíìsì, tí yóò máa dá tẹlifóònù lóhùn, tí yóò máa fèsì lẹ́tà títí Bàbá yóò fi gbádùn. Obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ará ọ́fíìsì rárá. Ayàwòrán ni. Òun ló ń kun àwọn aṣọ ńláńlá tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ìtàgé, bó bá sì kun odò, àwọn tó jókòó síwájú a máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé omi fẹ́ kan bàtà wọn. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò ju pé tábìlì rẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo ilé náà lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń tò láti orí kékeré dé orí ńlá, ìdérí ọ̀dà kan kì í sì í ṣìnà lọ sórí agolo òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà di ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ilé Eré kì í ṣe ilé èrè. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn eré ló ni ín, kò sì sí ẹnì kan tó lè pín nǹkan kan níbẹ̀ lọ sílé. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókè kan. Ìtàgé àti igba àga wà nísàlẹ̀. Yàrá káfíńtà àti yàrá ìránṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì àti yàrá ìpàdé wà lókè, àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún tó dúró ṣánṣán bí àkàbà ló sì so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè. Iṣẹ́ alákòóso ni láti rí i pé gbogbo rẹ̀ ń lọ: láti bẹ àwọn olówó kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́, láti parí ìjà láàárín ẹni tó kọ eré àti ẹni tó ń darí rẹ̀, láti wá àga fún àwọn òbí tó bá mú ọmọ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Sátidé, láti mọ iná tó jó àti èyí tí ẹnì kan kàn gbàgbé láti tàn. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá mọ ẹrù rù ni wọ́n ń di ẹrù fún. Àwọn ará ilé náà sọ ọ́ ní Màmá Ètò, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára débi pé nígbà tí ẹni tó ń kó lẹ́tà kiri bi í ní orúkọ gidi, ó ní láti rò ó kó tó sọ ọ́.

Àṣìṣe rẹ̀ kejì ló ṣe pàtàkì, òun ni ìtàn yìí sì dá lé lórí. Kí Màmá Ètò tó gorí àga, Bàbá ń darí Ilé Eré bí ẹni ń darí agbo ilé ara rẹ̀. Yàrá àlejò rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti ń pàdé. Ẹni tí inú Bàbá bá dùn sí ni yóò gbọ́ pé ìpàdé wà. Ẹni tí kò bá dùn sí, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó gbọ́ pé òun ti fara mọ́ nǹkan. Bí ọwọ́ kò bá pé, Bàbá a gbé tẹlifóònù, a pe èèyàn méjì, a ní wọ́n ti dìbò. Màmá Ètò kò lè fara da irú rẹ̀. Ní ọdún kejì tó gorí àga, ó jókòó, ó kọ òfin mẹ́rìnlá. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, Lọ́yà inú ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Mẹ́ta nínú òfin náà ni kí ẹ bá mi fi sọ́kàn. Ìkíní ní ìgbìmọ̀ kò lè pinnu ohunkóhun àfi bí èèyàn méje bá jókòó nínú yàrá ìpàdé Ilé Eré, tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, tí wọ́n sì na ọwọ́ lójú ara wọn. Kò gbọdọ̀ sí ìbò inú lẹ́tà, kò gbọdọ̀ sí ti orí tẹlifóònù. Ìkejì ní ìgbìmọ̀ nìkan ló lè gba ẹni tuntun wọlé, òun nìkan ló sì lè yọ̀ǹda alákòóso. Ìkẹta ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpàdé yóò máa wáyé, kò gbọdọ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìpàdé òjijì gbá ẹlòmíràn mú. Gbogbo rẹ̀ pátá, Bàbá ló fi ń dè lọ́wọ́ sẹ́yìn. Alákòóso fúnra rẹ̀ yóò máa jókòó níbẹ̀, yóò máa kọ ìwé ìpàdé, ṣùgbọ́n kò ní dìbò.

Mọ́kànlá ni ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, méje sì dà bí ohun kékeré. Ọdún ń gorí ọdún. Ikú mú méjì. Ẹnì kan tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹnì kan bínú nítorí eré kan tí wọ́n fi alágbèrè ọlọ́jà ṣẹlẹ́yà nínú rẹ̀, ó ní òun ló ń bá wí, kò sì padà mọ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé ó yẹ kí àwọn fi ẹlòmíràn dí i, gbogbo ìgbà náà ni wọ́n sì ń sún un síwájú, torí orúlé ń jò tàbí torí eré kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fojú sílẹ̀, ó ku méje géérégé, Bàbá sì wà nínú méje náà. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n di mẹ́fà.

Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kò lè yí òfin padà, nítorí òfin ní kí wọ́n jẹ́ méje kí wọ́n tó yí i. Wọn kò lè gba ẹni keje wọlé, nítorí kí wọ́n tó lè gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé méje.

Bí kì í bá ṣe ti ojú Màmá Ètò ni, bóyá ì bá má ka èyí sí. Dókítà ojú ló sọ fún un, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọdé, pé ojú ọ̀tún ń lọ, ti òsì yóò sì tẹ̀lé e. Ọdún mẹ́ta ló kù tí yóò ṣì máa mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ ewé àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́; bí orí bá bá a ṣe é, mẹ́rin. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó jáde, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wá rántí pé ọdún kọkànlá rèé tí òun ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ọ̀dà gbẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Mẹ́fà péjọ sí ìpàdé tó tẹ̀lé e. Ó ka ìwé rẹ̀ fún wọn. Alága, tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò àwọn kò lè múlẹ̀, kí àwọn ṣáà jẹ́ kó mọ ohun tó wà nínú àwọn. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ nawọ́. Ọwọ́ mẹ́fà lọ sókè. Onílé-ìtàwé, tó ń ta ìwé ní òpópónà kejì, sọ̀rọ̀ títí ó fi sunkún. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ti ṣe kò kéré. Wọ́n ní ó ti tó kó sinmi. Wọ́n ní Bàbá nìkan ni kò jẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún nawọ́. Oṣù mẹ́ta sí ìyẹn, wọ́n tún nà án, ó sì dà bíi pé ọwọ́ náà túbọ̀ ń ga sí i.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìpàdé kẹta ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé wá a wá. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀ka tuntun, ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó gùn tó ogójì ìṣísẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n yóò ti máa ti àwọn ọmọ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ògiri funfun ni látòkè délẹ̀. Obìnrin náà ní ẹ̀rù ògiri yẹn ń ba òun àgbàlagbà, ká tó wá sọ ti ọmọ ọdún márùn-ún. Màmá Ètò bá a lọ wò ó. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Kó tó padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti rí i: odò kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹja inú rẹ̀ kò sì ní jọra, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mú tirẹ̀ dání lójú títí oorun yóò fi gbé e lọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni, ojoojúmọ́. Wọ́n fún un ní gbèdéke: ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni kó fèsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò wá ẹlòmíràn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ. Kánsù ló ni ilẹ̀ tí Ilé Eré wà. Àdéhùn wọn ni pé bí alákòóso bá kúrò láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ bó ṣe tọ́, ilé yóò padà sọ́wọ́ kánsù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó sì ti pẹ́ tí kánsù ti ń wá ibi ìgbọ́kọ̀sí ládùúgbò yẹn. Lọ́yà mú ọ̀nà kan wá. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí Màmá Ètò ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Bàbá wá, ta ni yóò lọ bi í? Màmá Ètò wò ó títí ó fi gbójú sílẹ̀. Ìwé ìpàdé ọdún mẹ́tàdínlógún wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí irọ́ kan nínú wọn, kódà kò sí ibi tó ti pa nǹkan rẹ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n náà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Nígbà tí ó gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó da tíì sínú ife méjì, ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo kọ́ ẹ̀wọ̀n, ìwọ lo rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìwọ náà lo tún wọlé lọ tilẹ̀kùn. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tó fẹsẹ̀ jáde, mi ò tíì rí irú tìẹ." Ó rẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n mu tíì wọn.

Ó ku kó lọ bá Bàbá. Ìgbà mẹ́ta ló lọ. Nígbà àkọ́kọ́, Bàbá ṣe bí ẹni ń sùn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti òṣèré tí kò tíì mọ òkú ṣe. Nígbà kejì, ó ń ròyìn eré àtijọ́ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì fún un láyè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà kẹta, Màmá Ètò kò jókòó. Ó sọ fún un nípa ojú rẹ̀. Ó sọ fún un nípa ògiri náà. Kò tíì sọ ti ojú fún ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀, nítorí ó gbà pé kò yẹ kí àánú ṣe ohun tí òfin kò lè ṣe.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo gbọ́," ló sọ. Ó ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ méjì ṣáájú gbèdéke ilé ìwòsàn, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá gbé òun.

Káfíńtà ló ṣètò bí wọ́n ṣe gbé e. Ó so igi gbọọrọ méjì mọ́ abẹ́ àga ọba tí wọ́n ń lò lórí ìtàgé, òun àti òṣèré mẹ́ta sì gbé Bàbá gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún náà, Aránṣọ ń tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀yìn, ó ń bá wọn ka ìgbésẹ̀. Bàbá ní òun kò mọ̀ pé ó di ìgbà tí òun bá darúgbó kí wọ́n tó fi òun jọba. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ìdí tábìlì. Màmá Ètò ṣí ìwé ìpàdé, ó kọ orúkọ wọn, ó sì kọ nọ́ńbà tí kò kọ mọ́ láti ọdún méjì: méje. Ó mú rúlà, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Alága ka ìwé ìfipòsílẹ̀ náà. Ó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́.

Ọwọ́ Bàbá ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ró. Màmá Ètò tẹ bírò mọ́ ìwé, ó ń dúró de àwọn yòókù. Ó rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Onílé-ìtàwé tẹrí ba, ó ń wo okùn bàtà rẹ̀. Lọ́yà ń ṣí ìwé àdéhùn kánsù lọ, ó ń ṣí i bọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ń wo Alága, Alága sì ń nu awò ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Alága fọhùn. Ó ní ta ni yóò gba ipò náà? Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú àwọn tó lè ṣe é? Onílé-ìtàwé yára sọ pé òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ga. Lọ́yà ní kánsù kò sùn o, ọgbọ̀n ọjọ́ kì í ṣe nǹkan.

"Kì í ṣe pé a ò fẹ́ kí ẹ lọ, Màmá Ètò," ni Alága wí. "Ohun tí à ń sọ ni pé kó má jẹ́ nísinsìnyí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti nawọ́, sà," ló sọ.

"Ìgbà yẹn, kò tíì di òótọ́."

Ó sọ ọ́ tinútinú, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ, ó sì dá awò padà sójú láìtíì nù ún tán. Bàbá kò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Màmá Ètò ló bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀, òun ti rí i. Ó kọ ọ́: ẹnì kan nawọ́, ẹni mẹ́fà kò nà. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà tó fi ń kọ pé wọ́n ra ìgbálẹ̀ tuntun.

Wọ́n ti fẹ́ dìde. Ẹni tí ojú ń tì máa ń fẹ́ kí ìpàdé tètè parí. Màmá Ètò ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó, ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní àwọn pé méje lónìí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá àwọn yóò tún pé bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní òun mú orúkọ èèyàn méjì wá fún ìgbìmọ̀, Káfíńtà àti Aránṣọ, tí ọdún tí wọ́n ti lò ní Ilé Eré ju ti òun lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣíṣí náà ni àwọn méjèèjì dúró sí, wọ́n ń dúró láti gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀, Káfíńtà sì wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ méje lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kíákíá, bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìbéèrè tó mọ̀ pàdé. Wọ́n di mẹ́sàn-án.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá dé ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ kí wọ́n mí. Ó fi ọwọ́ pe Màmá Ètò súnmọ́ra. Màmá Ètò bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún méjì: kí ló dé tí kò fi wá nígbà gbogbo yẹn, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni yóò nawọ́?

"Èmi ni mo yan gbogbo wọn," ni Bàbá wí. "Mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí n kò wá, ẹnì kan ṣoṣo lo ní láti máa bínú sí, wàá sì rò pé àwọn mẹ́fà fẹ́ràn rẹ. Mo rò pé ìyẹn sàn fún ọ."

"Kò sàn fún mi, Bàbá."

"Mo ti rí i báyìí. Má bínú."

Màmá Ètò tẹ olórí àwọn nọ́ọ̀sì láago kó tó bọ́ bàtà nílé. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ògiri náà. Obìnrin náà bi í bóyá wọ́n lè dúró dè é, wọ́n jọ kà á: ìpàdé mìíràn di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ka tuntun yóò sì ṣí ní oṣù mẹ́fà, iye tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà. Màmá Ètò sọ bí odò náà ṣe rí fún un, kí wọ́n lè sọ fún ẹni tí yóò kùn ún. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹja dé ẹja. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ ọ, ife tíì méjì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú ìwé kan, ó ṣírò. Nínú mẹ́sàn-án, márùn-ún ni yóò borí. Bàbá wà, bí ẹ̀mí bá wà. Káfíńtà àti Aránṣọ mọ ohun tó ń ṣe é, wọn yóò nawọ́ fún un. Ìyẹn mẹ́ta. Ó ku méjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Onílé-ìtàwé dé láti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá Màmá Ètò ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀, ó sì ní ọwọ́ òun máa dí gan-an lónìí. Màmá Ètò fa àga oníbàárà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, ó jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, òun lè dúró.